Ọkọ tí ó di àlejò nínú ilé ara rẹ̀: bí bàbá onígbàgbọ́ ṣe lè padà wọlé

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọ mi obìnrin, tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà nígbà náà, gbé omi wá fún mi ní pálọ̀ ilé wa ní Ọ̀mù-Àrán. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ sà," ó sì na omi sí mi. Ìgbà tí mo fẹ́ gbà á ni mo rí i pé ife gíláàsì olódòdó ni, ọ̀kan nínú mẹ́fà tí ìyàwó mi ń tọ́jú sínú kọ́bọ́ọ̀dù de àlejò. Ife oníke tí gbogbo ilé fi ń mumi wà lórí tábìlì níbẹ̀. Ọmọ náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì rán an. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé kí ó máa ṣe nígbà tí àlejò bá dé ni ó ṣe. Ọdún kẹta nìyẹn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, tí mo ń wọkọ̀ ní gáréèjì Ọ̀fà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí mo sì ń padà ní ọjọ́ Àìkú.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní gúúsù Kwara. Olùkọ́ wà nínú wọn tí ìjọba gbé lọ sí ìlú mìíràn, òṣìṣẹ́ wà tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìlọrin tí ẹbí rẹ̀ sì wà ní Ọ̀fà tàbí Ìgbàjà, awakọ̀ wà, oníṣòwò tí ń ná ọjà káàkiri wà. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ kúrò nílé. Tánkẹ̀ ní Ìlọrin ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú aya àti ọmọ, ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn ni wọ́n ń wọlé, kí ilẹ̀ sì tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti jáde. Ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìkà ènìyàn. Òun ni ó ń san owó ilé-ìwé, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ilé, ṣùgbọ́n òun gan-an kò sí níbẹ̀. Ìwé Éfésù pe ọkọ ní orí aya, bẹ́ẹ̀ orí tí kò bá sí lórí ọrùn kò lè darí ara kankan. Ẹsẹ 25 nínú orí karùn-ún ìwé náà sì sọ irú ìfẹ́ tí Ọlọ́run ń bèèrè lọ́wọ́ ọkọ: kí ó fẹ́ràn aya rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Kristi ti fẹ́ràn ìjọ tí ó sì fi ara rẹ̀ fún un. Kristi kò jókòó sókè kí ó máa fi owó ránṣẹ́ sí ìjọ. Ara rẹ̀ ni ó gbé wá.

Àwọn ìgbésẹ̀ tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí ni mo fi padà sílé mi. Ẹ má ṣe gbìyànjú gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, nítorí ìyàwó yín yóò rò pé ara yín kò yá ni.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ ka wákàtí yín

Ẹ mú ìwé àti báírò, kí ẹ kọ gbogbo wákàtí tí ẹ lò nílé ní ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. Tèmi rèé. Láti agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú jẹ́ wákàtí 44. Oorun òru méjì kó 16. Ìnáwó ọjọ́ Àbámẹ́ta kó 8, nítorí pé bí kò bá sí ìgbéyàwó, òkú àgbà yóò wà. Ìpàdé ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ àti ti ọmọ bíbí ìlú kó 3. Ìsìn ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú ìjókòó tí àwa àgbà ìjọ máa ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kó 6. Àwọn tí wọ́n gbọ́ pé mo ti dé tí wọ́n wá kí mi kó 4. Fóònù àti bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n kó 5. Wákàtí 2 ni ó kù, inú rẹ̀ ni mo sì ti wẹ̀ tí mo ti jẹun.

Kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, mo lè búra pé ọjọ́ méjì gbáko ni mo ń lò pẹ̀lú ẹbí mi lọ́sẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kà á tán, ẹ mú nǹkan méjì kúrò nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn olórí ẹgbẹ́ nínú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọ wà lára ohun tí ó yẹ kí a wò. Nínú 1 Tímótì 3:5, Pọ́ọ̀lù bèèrè bí ẹni tí kò mọ ilé ara rẹ̀ tọ́jú yóò ṣe lè tọ́jú ìjọ Ọlọ́run, ó sì jọ pé ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè náà ní. Èmi fi ipò kan sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, mo sì dín ìnáwó kù sí wákàtí kan ààbọ̀: mo dé, mo kí olóde, mo ná owó mi, mo padà sílé. Ẹni tí ó bá ti rí yín tí ó sì ti gba owó yín kò ní wá yín mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó yín, kí ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ṣe

Ọ̀dọ̀ ìyàwó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá tí ó bá sáré lọ sọ́dọ̀ ọmọ pẹ̀lú bisikíìtì, tí kò tíì bá ìyá wọn sọ̀rọ̀, ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ara rẹ̀ ni.

Àwa Yorùbá mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, ṣùgbọ́n a fẹ́ràn kí ẹlòmíràn bá wa bẹ̀ ẹ́. A ó rán ìyá ọkọ, a ó rán pásítọ̀, a ó rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, wọn yóò ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é." Ọ̀nà yẹn dára nígbà tí ìjà bá ti le jù fún ẹni méjì, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ohun tí a ń wí yìí, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa ni pé a kò wá fúnra wa, a kò sì lè rán ẹnikẹ́ni láti lọ bá wa tọrọ àforíjì lórí ìyẹn.

Ẹ dúró kí àwọn ọmọ sùn, kí ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì kó fóònù kúrò nítòsí. Ẹ má ṣe sọ pé, "Bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́, má bínú," nítorí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú gbólóhùn yẹn. Èmi sọ pé: "Ní alẹ́ ọjọ́ tí ibà dá ọmọ wa gúnlẹ̀, tí o pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo rí i pé o ń pè, mo sì dojú fóònù bolẹ̀ nítorí pé mo rò pé owó lo fẹ́ bèèrè. Ìwọ nìkan lo gbé e lọ sí ọsibítù lóru. Ohun tí mo ṣe kò dára. Jọ̀wọ́, dárí jì mí." Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí ó le jù bẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe kí ẹ dákẹ́. Ó lè sunkún, ó lè pòṣé, ó sì lè mú ọ̀rọ̀ ọdún méje sẹ́yìn jáde pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀. Ẹ má ṣe tún un ṣe fún un, bí ó tilẹ̀ ṣi ọjọ́ pè. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kì í ṣe orò yàrá tọkọtaya. Ìyàwó mi kò wí nǹkan kan ní alẹ́ ọjọ́ náà ju "Mo ti gbọ́ yín" lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó sọ èyí tí ó kù.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan níhìn-ín láìfi igbá bò ó. Bí ọkọ bá ti ń na aya rẹ̀, àforíjì kò tó fún ìyẹn. Kólósè 3:19 kò tilẹ̀ gbà kí ọkọ korò sí aya rẹ̀, áḿbọ̀tórí kí ó gbọ́wọ́ sókè sí i, òfin ìlú sì ka lílù sí ọ̀ràn. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àgbà tí kò ní bò ó mọ́lẹ̀, kí ó gba ìyàwó rẹ̀ láyè láti lọ sí ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò ti balẹ̀, kí ó má sì fi ẹsẹ Bíbélì kankan fà á padà. Ẹ jẹ́ kí ó fi ìyẹn ṣáájú gbogbo ohun tí mo kọ síbí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tú àṣírí owó

Ọ̀pọ̀ ìyàwó ní àárín wa ni kò mọ iye tí ọkọ wọn ń gbà. Ọkọ ń bẹ̀rù pé bí ó bá mọ̀, yóò ná an tán. Ìyàwó pẹ̀lú, nítorí pé kò mọ̀, rò pé owó wà níbì kan tí wọ́n ń fi pamọ́ fún òun. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin gbé kalẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2024 jẹ́ ₦70,000, ẹni tí ó bá sì ti ra àpò ìrẹsì kan láti ìgbà náà mọ̀ pé kò sí ohun tí a fẹ́ fi pamọ́ nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí owó bá wọlé, ẹ jókòó pẹ̀lú ìwé àjákọ kan. Kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín kọ́kọ́ kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ yọ ìdámẹ́wàá, oúnjẹ, owó ilé-ìwé, owó ọkọ̀, owó àjọ tàbí ti alájẹṣẹ́kù, kí ẹ sì yọ iye kan fún mọ̀lẹ́bí. Orí èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ìjà pọ̀ sí jù. Ẹ jọ fẹnu kò sí iye kan lóṣù fún àwọn òbí méjèèjì, tìyín àti tirẹ̀, kí ẹ sì ṣàdéhùn pé ohunkóhun tí ó bá ju ìyẹn lọ, ìbáà jẹ́ owó aṣọ ẹbí, ìbáà jẹ́ owó òkú, ẹ ó kọ́kọ́ jọ sọ ọ́. Nínú Máàkù 7:9-13, Jésù bá àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀bùn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run ṣe bojúbojú láti má tọ́jú bàbá àti ìyá wọn wí gidigidi, nítorí náà ẹ má ṣe fi aya ṣe àwáwí pa òbí yín tì. Ṣùgbọ́n 1 Tímótì 5:8 náà wà níbẹ̀, ó ní ẹni tí kò bá pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Mo ti rí ọkùnrin tí ó dìde ní ọjọ́ ìkórè, tí ó fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún un. Ọkùnrin náà ni èmi.

Bí owó oṣù bá pẹ́, ẹ sọ fún ìyàwó yín ní ọjọ́ tí ẹ mọ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù lè yí ìkòkò ọbẹ̀ padà. Ẹni tí ó mọ̀ lẹ́yìn tí oúnjẹ tán kò rí nǹkan ṣe sí i mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dá àdúrà ilé padà, kí ẹ jẹ́ kí ó kúrú

Agogo mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ni tiwa. A kọ ẹsẹ orin méjì. Ọmọ kan ka ẹsẹ mẹ́wàá nínú Bíbélì Yorùbá. Mo bi ìbéèrè kan ṣoṣo, olúkúlùkù dá ohun kan tí a ó gbàdúrà fún, ẹnì kan gbàdúrà, ó parí. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, àfi bí àwọn ọmọ fúnra wọn bá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìwé Máàkù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìtàn inú rẹ̀ ń sáré, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní orí 16 àti ẹsẹ 678, nítorí náà, bí ẹ bá ń ka mẹ́wàá lálẹ́, yóò gbà yín ní nǹkan bí oṣù méjì àti ọ̀sẹ̀ kan. Ní àwọn alẹ́ tí mo bá wà ní Ìlọrin, mo máa ń pè wọ́n, wọn a gbé fóònù sáàárín tábìlì kí gbogbo wọn lè máa gbọ́ mi. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ọmọ tó dàgbà jù ń bá a lọ. A kì í dúró de bàbá kí a tó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀.

Àwa bàbá ní ìwà kan tí ó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀, èyí ni fífi àdúrà bú ọmọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: "Bàbá, bá wa fọwọ́ kan ọkàn ẹnì kan nínú ilé yìí tí ó gba 12 nínú 40 nínú ìṣirò." Ọmọ náà yóò ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ kí agogo mẹ́jọ ààbọ̀ lù lọ́jọ́ kejì.

Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bèèrè ọ̀rọ̀. Ní alẹ́ tí a ka orí kẹrin, níbi tí ìjì ti ń jà tí Jésù sì ń sùn ní ìdí ọkọ̀, ọmọ mi ọkùnrin bèèrè ìdí tí ó fi ń sùn. Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Bíi tiyín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta?" Ìyá wọn fi ìborùn bo ẹnu rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bíi tèmi, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jí òun, ó dìde.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ máa mú ọmọ kan ṣoṣo dání

Diutarónómì 6:7 ní kí a máa fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ ọmọ nígbà tí a bá jókòó nínú ilé, nígbà tí a bá ń rìn ní ọ̀nà, nígbà tí a bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tí a bá dìde. A ń ṣe ti inú ilé, a sì gbàgbé ti ọ̀nà. Ibikíbi tí ẹ bá ń lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìbáà jẹ́ ọ̀dọ̀ fọkanáísà, ìbáà jẹ́ oko iṣu, ẹ mú ọmọ kan dání, kí ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì pa ààrọ̀ wọn dà. Ọmọ mẹ́ta nínú ọkọ̀ yóò máa bá ara wọn jà; ọmọ kan yóò bá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó rìn jìnnà.

Ìbéèrè tí ẹ ó bi í ṣe pàtàkì. "Ipò kelòó lo gbà?" kì í bí ju nọ́ńbà lọ. Ẹ bèèrè ẹni tí ó jókòó tì í ní kíláàsì, ẹni tí ń fìyà jẹ ẹlòmíràn níbẹ̀, àti olùkọ́ tí ó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọmọ mi ọkùnrin kì í jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, pé ó ń fún ọmọ kan tí ó dàgbà jù ú lọ kí ó má baà nà án. Ọ̀rọ̀ náà ti tó odidi sáà kan. Mo ti rí káàdì èsì rẹ̀ nínú sáà yẹn, mo sì ti buwọ́ lù ú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ má ṣe jẹ́ adájọ́ ọjọ́ Ẹtì

Bí bàbá kò bá gbé ilé, "Dúró kí bàbá rẹ dé" ni ìyá fi ń tún ilé ṣe. Láti ọjọ́ Ajé ni ẹjọ́ ti ń kó jọ, tí ó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bàbá bá ti ń wọ ìlú, jìnnìjìnnì ti bo àwọn ọmọ. Ọmọ tí a ń nà ní ọjọ́ Ẹtì nítorí ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni pé bàbá dé, ẹgba sì dé. Kólósè 3:21 ní kí àwa bàbá má ṣe mú ọmọ bínú kí wọ́n má baà rẹ̀wẹ̀sì, irú ìdájọ́ yìí sì máa ń mú wọn rẹ̀wẹ̀sì gan-an.

Ẹ bá ìyàwó yín ṣàdéhùn pé ẹjọ́ òní yóò parí lónìí. Bí ó bá jẹ́ kékeré, kí òun parí rẹ̀. Bí ó bá tóbi, kí ó pè yín, kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ṣe fún yín lórí fóònù, kí ẹ sọ ìjìyà rẹ̀, kí ó ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ẹ bá dé ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ kò gbọdọ̀ dá a sílẹ̀ mọ́.

Èyí kò sọ pé kí bàbá di bàbá tí kì í bá ọmọ wí. Bíbélì sọ nípa Élì pé àwọn ọmọ rẹ̀ ba orúkọ jẹ́, kò sì dá wọn lẹ́kun. Ó tún sọ nípa Dáfídì, nínú ìwé Àwọn Ọba Kìíní 1:6, pé kò bi Àdóníjà ọmọ rẹ̀ léèrè rí pé èéṣe tí ó fi ṣe báyìí. Ọba tí ó ṣẹ́gun Gòláyátì kò lè bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan. Nígbà tí a bá sì ti fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi tòsì fà á mọ́ra ní ọjọ́ kan náà, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìgbésẹ̀ keje: ilé tí ẹ̀sìn méjì wà

Èmi kò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí pé a ti bá a dàgbà. Kò wọ́pọ̀ kí ẹ rí ẹbí kan ní Ìlọrin, ní Ìbọ̀lọ́ tàbí ní Ìgbómìnà tí kò ní mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ nínú. Àlàájì ni bàbá ìyàwó mi. Ní ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ń kó àwọn ọmọ lọ kí i, mo ń dọ̀bálẹ̀, àwọn ọmọ náà ń ṣe bí wọ́n ti rí mi. Bí wọ́n bá bèèrè ìdí tí bàbá àgbà fi ń kírun tí àwa kì í kí, mo ń sọ ohun tí àwa gbà gbọ́ nípa Jésù fún wọn ní kedere, láìsọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè sọ lójú Àlàájì. Ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ kò bá tíì gbàgbọ́ ní tirẹ̀, kí ó ka 1 Kọ́ríńtì 7:12 kí ó tó gbọ́ ti ọ̀rẹ́: bí ó bá wu obìnrin náà láti bá a gbé, kí ọkọ má ṣe kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ẹ ti ń wọlé

Ẹ má ṣe retí ọpẹ́. Àmì àkọ́kọ́ tí èmi rí ni pé ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣàríyànjiyàn padà, lórí ibi tí a ó kó àpótí aṣọ sí àti lórí iye ata tí ó yẹ kí ó wà nínú ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ "Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ" ni ó máa ń sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Èkejì ni pé ariwo àwọn ọmọ kò dúró mọ́ nígbà tí mo bá wọlé. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọ mi obìnrin tún gbé omi wá. Ife oníke ni. Omi náà kò kún, nítorí pé ó ti mu nínú rẹ̀ lọ́nà.